Nígbà Tí Ìran Ẹ̀rọ Géèmù Kan Bá Ń Kógbá Sílé: Ẹ̀kọ́ Lórí Rírà àti Kíkó Géèmù Jọ

Nínú ìwé ìròyìn ayẹyẹ bí irú èyí, ìtàn àwọn ọ̀gá ilé-ìwé àti ti àwọn ilé tí a kọ́ ni a sábà máa ń kà. Ẹ̀kọ́ tí àwa fẹ́ kọ́ níhìn-ín kò sí nínú ìwé-ẹ̀kọ́ kankan, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń fi ọwọ́ ara yín dì í mú lójoojúmọ́: ọ̀rọ̀ géèmù orí ẹ̀rọ ni. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan bá gbé ẹ̀rọ tuntun jáde, kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí géèmù ti àtijọ́? Ta ni ó ni ín? Báwo sì ni ó ṣe yẹ kí ènìyàn rà á?

Àwọn kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ eré ọmọdé ni èyí. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Owó tí a fi ń ra géèmù kì í ṣe owó eré, òbí ló sì ń san èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Yàtọ̀ sí owó, iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni géèmù. Àwọn ayàwòrán, olórin, akọ̀tàn àti onímọ̀ ìṣirò ló pawọ́ pọ̀ ṣe é, ó sì lè pòórá kúrò láyé kí àwọn tí ó ṣe é tó dàgbà.

Ohun tí a ń pè ní ìran

Ẹ̀rọ géèmù ní ìran gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ṣe ní ìran. PlayStation 2 ti ilé-iṣẹ́ Sony jáde ní Jàpáánì ní oṣù Kẹta ọdún 2000. PlayStation 3 tẹ̀ lé e ní 2006, PlayStation 4 ní 2013, PlayStation 5 ní 2020. Lọ́dọ̀ Nintendo, Wii jáde ní 2006, Wii U ní 2012, Switch ní oṣù Kẹta ọdún 2017, Switch 2 sì dé ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2025. Bí ẹ bá ka àwọn ọdún wọ̀nyí dáadáa, ẹ ó rí i pé nǹkan bí ọdún márùn-ún sí mẹ́jọ ni ó máa ń wà láàrin ìran kan sí èkejì. Ní àkókò bẹ́ẹ̀, ọpọlọ ẹ̀rọ yóò ti di èyí tí ó lágbára sí i tí owó rẹ̀ sì wálẹ̀, àwọn tí ń ṣe géèmù yóò sì ti máa kùn pé ẹ̀rọ àtijọ́ kò lè gbé ohun tí ó wà lọ́kàn wọn mọ́.

Síbẹ̀, ìran kì í parí lọ́jọ́ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ni kì í parí bákan náà níbi gbogbo. Wii U kò tà ju mílíọ̀nù mẹ́tàlá àti ààbọ̀ lọ káàkiri ayé. Bí Switch ṣe yọjú ni ilé-iṣẹ́ náà ti kẹ̀yìn sí i. Ti Dreamcast, ẹ̀rọ Sega, burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó jáde ní Jàpáánì ní oṣù Kọkànlá ọdún 1998, nígbà tí ó sì di oṣù Kìíní ọdún 2001, Sega ti kéde pé òun kò ní ṣe é mọ́. Ṣùgbọ́n PlayStation 2, tí ó tà ju mílíọ̀nù 150 lọ, wà láàyè títí àwọn àbúrò rẹ̀ fi dàgbà. Ìgbà tí ọdún 2012 ń parí lọ ni Sony tó dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró, FIFA 14 sì tún jáde fún un ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2013, nígbà tí PlayStation 4 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọléèwé ní Ìbàdàn, Èkó tàbí Òṣogbo láàrin ọdún wọ̀nyẹn kò nílò kí a ṣàlàyé PlayStation 2 fún yín. Ẹ rántí ṣọ́ọ̀bù kékeré tí tẹlifíṣọ̀n méjì tàbí mẹ́ta wà nínú rẹ̀, tí jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ilé, tí ẹni tí wọ́n bá nà yóò gbé páàdì sílẹ̀ fún ẹni tí ó kàn. Ní irú ibẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n ti sin ní Tokyo ṣì ń bọ́ onílé rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí a bá sọ pé ìran kan ti parí, ó yẹ kí a béèrè pé: ó parí níbo, fún ta sì ni?

Ìdí tí owó fi ń wálẹ̀ kí ó tó gòkè

Bí ẹ̀rọ tuntun bá dé, àwọn tí wọ́n fẹ́ rà á yóò kọ́kọ́ ta ti àtijọ́ láti fi rí owó. Gbogbo wọn yóò tà á lẹ́ẹ̀kan náà, ọjà àlòkù yóò kún, owó yóò sì já wálẹ̀. Àkókò yìí ni ọjà dùn jù lọ fún ẹni tí kò kánjú. Géèmù tí ẹlòmíràn fi owó gọbọi rà ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, o lè rà á ní ìdá mẹ́rin owó náà, pẹ̀lú páálí rẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, nǹkan yóò yí padà. Àwọn kan ti sọ tiwọn nù, ọmọ ti họ ti ẹlòmíràn, omi ti ba òmíràn jẹ́. Àwọn tí wọ́n jẹ́ ọmọdé nígbà náà ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń wá ohun tí wọ́n fi ṣeré nígbà èwe. Iye tí ó wà nílẹ̀ dín kù, iye àwọn tí ń wá a sì pọ̀ sí i, owó yóò sì gòkè. Ẹ ẹ̀ rí i pé ẹ̀kọ́ ìṣòwò tí a ń kọ́ ní kíláàsì ni èyí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo géèmù ni ó ń gòkè. Géèmù bọ́ọ̀lù tí ń jáde lọ́dọọdún kì í sábà níye lórí (ẹ má bínú, ẹ̀yin olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù), nítorí pé ẹ̀dà rẹ̀ pọ̀ lọ jàra, ti ọdún tuntun sì máa ń gba ipò rẹ̀. Èyí tí ó sábà ń wọ́n ni àbíkẹ́yìn, géèmù tí ó jáde nígbà tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti ń kú lọ. Àwọn olùrà ti yíjú sí ẹ̀rọ tuntun, nítorí náà ilé-iṣẹ́ kò tẹ ẹ̀dà púpọ̀. Ẹ wo Panzer Dragoon Saga tí ó jáde fún Sega Saturn ní 1998. Àwo mẹ́rin ni, àwọn tí wọ́n mọ̀ nípa géèmù sì kà á mọ́ èyí tí ó dára jù lórí ẹ̀rọ náà. Ọdún yẹn gan-an ni Sega ń gbé Dreamcast bọ̀, ẹ̀dà díẹ̀ ni ó sì dé Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Sega kò tún un tẹ̀ fún ẹ̀rọ mìíràn. Ẹni tí ó bá fẹ́ ojúlówó rẹ̀ lónìí yóò san ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là.

Ti Xenoblade Chronicles yàtọ̀ díẹ̀, a sì fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí i, nítorí ó kọ́ni ní ohun tí ti Saga kò kọ́ni. Ó jáde fún Wii ní Jàpáánì ní 2010, ó sì dé Yúróòpù ní 2011. Ní Amẹ́ríkà, àwọn olólùfẹ́ géèmù kó ara wọn jọ lábẹ́ orúkọ Operation Rainfall, wọ́n ń kọ lẹ́tà pé kí Nintendo mú un wá. Nígbà tí ó dé ní oṣù Kẹrin ọdún 2012, GameStop àti ilé ìtajà Nintendo fúnra rẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń tà á, ó sì ku oṣù díẹ̀ kí Wii U dé. Owó rẹ̀ lórí ọjà àlòkù gòkè kíákíá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọdún 2020, Nintendo tún un ṣe fún Switch, ẹnikẹ́ni sì lè rà á ní owó géèmù lásán. Ẹni tí ó ra ti Wii nítorí pé ó fẹ́ ṣeré kò pàdánù nǹkan kan. Ẹni tí ó kó ọ̀pọ̀ ẹ̀dà pamọ́ kí ó lè di olówó ni ọ̀rọ̀ kàn.

Ibi tí a ti fẹ́ dá ìkìlọ̀ sílẹ̀ gan-an nìyí. Ní oṣù Keje ọdún 2021, ẹ̀dà Super Mario 64 kan tí a kò ṣí páálí rẹ̀ rí ni wọ́n lù ní gbàǹjo ní Amẹ́ríkà ní mílíọ̀nù kan ó lé ọ̀kẹ́ méjìdínlọ́gbọ̀n dọ́là, ìyẹn 1,560,000. Ìròyìn náà tàn kálẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì lọ ń tú àpótí ilé wọn. Ohun tí wọn kò kíyè sí ni pé Super Mario 64 kò wọ́n rárá. Ó tà ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ. Páálí tí a kò ṣí ni olówó náà rà, kì í ṣe géèmù. A kò rí ọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò gbà fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe òwò, àwa kò sì ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kí ó dán an wò pẹ̀lú owó ilé-ìwé.

Ìtàn Atari tún wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ní 1983, nígbà tí ọjà géèmù dẹnukọlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ náà kó ẹrù géèmù tí kò tà lọ sí ààtàn ìlú Alamogordo ní New Mexico, ó sì rì wọ́n mọ́lẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2014, wọ́n hú wọn jáde. Ìlú náà ta ọ̀pọ̀ nínú wọn, owó tí ó wọlé sì lé ní 100,000 dọ́là. Ilẹ̀kẹ̀ ayé àná ni wọ́n rí nínú pàǹtírí.

Ọjà tí kò ní ìso

Gbogbo ohun tí a ti ń sọ dúró lórí pé géèmù jẹ́ nǹkan tí ọwọ́ lè dì mú. Ní ìran tí ó kọjá yìí, ó ti di ohun tí a ń gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn rọrùn, àwa pẹ̀lú ń lò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìran bá parí, ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì náà yóò ti ilẹ̀kùn. Ti Wii tì ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 2019. Ti Xbox 360 tì ní oṣù Keje ọdún 2024. Sony kéde ní ọdún 2021 pé òun yóò ti ti PlayStation 3 àti ti PS Vita. Ariwo àwọn ènìyàn pọ̀ débi pé ó yí ọ̀rọ̀ náà padà láàrin oṣù kan.

Ti Nintendo 3DS àti Wii U ni ó hàn sí gbogbo ayé jù lọ. Wọ́n ṣe ìkéde rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2022. Ní oṣù Karùn-ún, káàdì báǹkì kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ́. Ní oṣù Kẹjọ, káàdì ẹ̀bùn náà kò wọlé mọ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 2023, títà parí pátápátá. Ọmọ Amẹ́ríkà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jirard Khalil gbìyànjú láti ra gbogbo ohun tí ó wà nínú ilé ìtajà méjèèjì kí wọ́n tó tì wọ́n. Ó ná ju 22,000 dọ́là lọ, ó sì gbà á ní ọjọ́ tí kò dín ní ọ̀ọ́dúnrún. Géèmù tí ó rà lé ní ẹgbẹ̀rún méjì. Ẹ rò ó wò: púpọ̀ nínú wọn kò ní àwo tàbí káàtíríìjì kankan níbikíbi ní ayé. Nígbà tí ilẹ̀kùn tì, kò sí ọjà àlòkù tí a lè lọ, nítorí pé kò sí ohun tí a lè gbé lé orí àtẹ.

Kí ni a ń rà nígbà náà? Àṣẹ ìlò ni. Àdéhùn gígùn tí a máa ń tẹ̀ pé a gbà láìkà á ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Ìpínlẹ̀ Kalifóníà ti ṣe òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2025, tí ó fi dandan lé e pé kí àwọn tí ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa sọ ọ́ gbangba fún olùrà pé àṣẹ ni ó ń rà, bí wọ́n bá lè gbà á padà lọ́jọ́ kan.

Àwo pàápàá kò tó láti dáàbò boni nígbà gbogbo. The Crew, géèmù eré-ìje ọkọ̀ ti Ubisoft tí ó jáde ní 2014, kò lè ṣiṣẹ́ láìbá kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n pa kọ̀ǹpútà náà ní ìparí oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn tí wọ́n ní àwo rẹ̀ nínú ilé kò rí nǹkan ṣe pẹ̀lú rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ni Ross Scott fi dá ìpolongo Stop Killing Games sílẹ̀, ìwé ẹ̀bẹ̀ tí ó tinú rẹ̀ jáde ní Yúróòpù sì ti gba ìbuwọ́lùwé tí ó lé ní mílíọ̀nù kan ní oṣù Keje ọdún 2025.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa ló ń fi káàdì ẹ̀bùn ra géèmù lórí àkántì tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tí ń gbé ní Amẹ́ríkà tàbí Ìlú Ọba. Bí wọ́n bá pa irú àkántì bẹ́ẹ̀ dé, kò sí ẹni tí a ó lọ bá.

Bí géèmù ṣe ń kú nínú àpótí

Ẹni tí ó ra géèmù tí ọwọ́ lè dì mú gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ohun tí ó rà lè bàjẹ́. Nínú káàtíríìjì Pokémon Gold àti Silver, bátìrì kékeré kan wà tí ó ń tọ́jú ibi tí ènìyàn bá géèmù dé. Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí. Ọ̀pọ̀ àwọn bátìrì náà ti kú, gbogbo ohun tí ọmọ kan fi oṣù mẹ́fà kó jọ sì bá a lọ. Oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó mọ irin jó lè pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìrántí àtijọ́ kò ní padà. PlayStation 2 kì í tọ́jú ohunkóhun sínú ara rẹ̀. Mẹ́mórì káàdì kékeré ni ó ń lò. Ẹni tí ó bá ra ẹ̀rọ náà láìra káàdì yóò máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ní ilẹ̀ tiwa, ooru, ọ̀rinrin òjò àti eruku ọyẹ́ ni ọ̀tá. Eruku ń bo ojú tí ẹ̀rọ fi ń ka àwo, ẹ̀rọ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àwo tí kò ní àléébù. Iná tí ń ga tí ń lọ sílẹ̀ sì ń jó ẹ̀rọ. Ẹ máa to àwo ní òró nínú páálí wọn, ẹ má tò wọ́n lé ara wọn níhòòhò, ẹ má sì ṣe gbé wọn síbi tí oòrùn ti ń wọlé.

A kò ní fi ọ̀rọ̀ kan pamọ́: èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn àwo PlayStation 2 tí a tà nílẹ̀ yìí jẹ́ àdàkọ, inú ọ̀rá ni wọ́n sì fi sí. Wọ́n ṣiṣẹ́ fún wa nígbà náà, ṣùgbọ́n olùkójọ kò ní ra wọ́n. Ayédèrú wà nínú káàtíríìjì náà, pàápàá ti Pokémon fún Game Boy Advance. Ẹ wo àmì orí ojúlówó dáadáa: nọ́ńbà méjì wà tí a tẹ̀ wọnú ìwé rẹ̀, tí ọwọ́ lè mọ̀. Bí kò bá sí, ẹ fura.

Bí a ṣe lè rà

Ra ohun tí o fẹ́ fi ṣeré. Bí o bá ní géèmù mẹ́wàá tí o kò tíì fọwọ́ kàn, ìkọkànlá lè dúró. Kí ìran tó parí, kọ orúkọ àwọn tí o fẹ́ sílẹ̀, kí o sì pín wọn sí méjì: èyí tí ó ní àwo àti èyí tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan. Èyí tí kò ní àwo ni kí o kọ́kọ́ rà, nítorí pé ọjọ́ ti wà fún un. Èyí tí ó ní àwo lè dúró de ìgbà tí ọjà bá kún. Rí i pé géèmù àti ẹ̀rọ jọ wá láti agbègbè kan náà: 3DS tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà kò gba káàtíríìjì Jàpáánì, ṣùgbọ́n Switch gba ti ibi gbogbo. Bí o bá ń ra tòkunbọ̀ ní Computer Village ní Ìkẹjà tàbí níbòmíràn, jẹ́ kí wọ́n tan ẹ̀rọ náà lójú rẹ, kí o sì fi àwo ṣeré fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí o tó sanwó. Àwo tí ẹ̀rọ kà ní ìṣẹ́jú kìíní lè kú ní ìkẹjọ.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń kó géèmù jọ nítorí ìmọ̀. Ilé-ìṣura The Strong ní Rochester, ní New York, ń ṣe é. Ní oṣù Keje ọdún 2023, àjọ Video Game History Foundation gbé ìwádìí jáde pé nínú géèmù tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ṣáájú ọdún 2010, ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹnikẹ́ni kò lè rà tuntun mọ́ lọ́jà. Àwọn ilé-ìkàwé bẹ̀bẹ̀ kí ìjọba gbà wọ́n láyè láti jẹ́ kí àwọn olùwádìí lo irú géèmù bẹ́ẹ̀ láti òkèèrè, ṣùgbọ́n wọ́n kọ̀ fún wọn ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Nítorí náà, ẹ̀dà tí ó wà nínú àpótí ẹni kan lè jẹ́ ọ̀kan nínú ìwọ̀nba tí ó ṣẹ́kù.

Ìran Switch ni ó ń kógbá sílé báyìí. Switch 2 ń gba ọ̀pọ̀ jù lọ nínú káàtíríìjì Switch, nítorí náà ẹni tí ó ní ti àtijọ́ kò tíì nílò láti tà á. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ra ti Switch 2, ẹ ka iwájú páálí rẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n kọ ọ́ sí i pé Game-Key Card ni. Kò sí géèmù kankan nínú irú káàtíríìjì bẹ́ẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ lásán ni, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ó ti lọ gba géèmù náà. Ẹ lè yá ọ̀rẹ́ yín, ẹ sì lè tà á, níwọ̀n ìgbà tí ilé tí kọ́kọ́rọ́ náà ń ṣí bá ṣì wà ní ìdúró. PlayStation 5 Pro tí ó jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024 kò tilẹ̀ ní ojú àwo. Ẹni tí ó ní àwo nílé gbọ́dọ̀ ra ojú àwo lọ́tọ̀ kí ó tó lè lò ó.